Àwọn Tó Fi Orin Kọ́ Fisk

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1868, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún kan dé sí ilé ìwé Fisk ní ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú dọ́là mẹ́fà lọ́wọ́. Oṣù márùn-ún ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní ìlú Gallatin kí dọ́là mẹ́fà yẹn tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Àpótí ẹrù rẹ̀ kéré débi pé àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé sọ ọ́ ní àpótí páì, bí ẹni pé oúnjẹ ìpanu ló kó sínú rẹ̀. Ella Sheppard ni orúkọ rẹ̀. Ó bi George White, akápò ilé ìwé, ibi tí owó òun lè gbé òun dé. White ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ella ní kí wọ́n wá iṣẹ́ fún òun. Wọ́n ní àwọn tó ń wá iṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ó ní òun á dúró bẹ́ẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun Clinton B. Fisk bẹ̀rẹ̀ ìtàn Yunifásítì Fisk, torí orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwé náà ń jẹ́, òun ló sì bá wọn wá ilé tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Wọ́n á wá dárúkọ àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́ta tó dá a sílẹ̀: John Ogden, Erastus Cravath àti Edward Smith. Òótọ́ ni wọ́n kọ, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn náà. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló gbé Fisk ró nígbà tó ń wó lọ, mi ò ní dárúkọ ọ̀gágun. Àwọn tó wá kàwé níbẹ̀ ni. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé. Kí wọ́n tó jáde, àwọn ni òpó tí òrùlé jókòó lé.

Ní oṣù Kejì ọdún 1862, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jà lọ́wọ́, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Nashville mọ́ àwọn ará Gúúsù lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹrú ti ń sá kúrò lóko olówó wọn wá sí ìlú náà. Wọ́n ń wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ìdì aṣọ lórí. Nígbà tí ogun parí ní 1865 tí òfin sì sọ gbogbo ẹrú dòmìnira, ebi ń pa wọ́n, òtútù ń mú wọn, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè kíkankíkan ni ìwé. Ní ibi tó pọ̀ jù ní Gúúsù, bí kò bá jẹ́ òfin, ẹgba ló dí ọ̀nà ìwé mọ́ ẹrú. Ẹni tí wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún láti ìran dé ìran kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tó máa sọ fún un pé nǹkan náà ṣe pàtàkì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1866 ni wọ́n ṣí ilé ìwé náà, nínú bárékè onípákó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Chattanooga. Brownlow, gómìnà Tennessee, wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní AMA ló ń bójú tó o. Nǹkan bí 200 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, wọ́n ti di 900. Láti ọmọ ọdún méje títí dé ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n ń sọ pé ó jókòó níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo bàbá tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ já òwú fún àádọ́ta ọdún, tó wá ń fi í di gègé mú, tí ọmọ tó jókòó tì í sì ń bá a pe A, B, C.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Fisk kì í jẹ́ kó sọnù. Ìwé tí wọn yóò fi kọ́ni kò sí, owó ìwé kò sí. Òkìtì irin tó ti dípẹtà wà nílé kan láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú kí ogun tó dé: ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ni. Wọ́n kó irin náà, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra Bíbélì àti ìwé àkọ́kà. Mo máa ń ronú pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nínú kíláàsì yẹn tí irin náà ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ rí.

Ní 1867 ìjọba ìlú Nashville ṣí ilé ìwé ọ̀fẹ́ fún ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọdé lọ síbẹ̀, ọwọ́ Fisk sì tú láti ṣe ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀: kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, àti kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi òfin dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Yunifásítì Fisk. Kò sí ẹyọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Pákó tó ń jò ni wọ́n gbé orúkọ ńlá yẹn kọ́ sí lára. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ ni: wọ́n sọ ọmọ ní orúkọ kí wọ́n tó bí i.

Ìyà wà níbẹ̀. Ella kọ ìrántí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, a sì rí i níbẹ̀ bí bárékè náà ṣe rí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba àlàfo pákó lóru, ó ń hu bí ohùn àwọn òkú tí kò rí ibi sinmi. Aṣọ àwọn ọmọ kò nípọn, òjò dídì ń wọlé bá wọn. Ẹran màlúù tí wọ́n ń jẹ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọkùnrin fi sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ben Àgbà, wọ́n ní bí àwọn bá pàdé màlúù lọ́nà, ó ń ṣe àwọn bíi kí àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ella ń fọ abọ́, ó ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kan láàárín ìlú ní dùùrù títẹ̀. Ìyẹn náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ fún un. Ní Cincinnati, kí ó tó wá sí Fisk, olùkọ́ aláwọ̀ funfun kan gbà láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n alẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ máa wá, ẹ̀yìnkùlé ni ó sì gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹ̀kọ́ méjìlá péré ló rí gbà.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú bárékè yìí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Adam Spence, ọmọ Scotland tó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní Yunifásítì Michigan, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ó wá ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Fisk ní 1870. Helen Morgan, tó kàwé ní Oberlin, dé ní 1869 láti kọ́ wọn ní èdè Látìn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1907. Àwọn míràn nígbà náà gbà pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ oko, pé ìyẹn ló tọ́ sí i. Mi ò kórìíra iṣẹ́ ọwọ́. Ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé dúró. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tí ọmọ olówó ń kà ní Àríwá ni Spence gbé síwájú ọmọ ẹrú, kò dín ojú ewé kan nínú rẹ̀, wọ́n sì kà á.

Nígbà ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á tún di olùkọ́ ní àwọn abúlé, kí wọ́n lè rí owó ilé ìwé. Iṣẹ́ eléwu ni. Maggie Porter, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fisk, ṣí ilé ìwé kékeré kan ní ìgbèríko. Nígbà tó padà láti ìsinmi Kérésìmesì, eérú ló bá. Àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń fòòró àwọn aláwọ̀ dúdú, ti dáná sun ún. Ó lọ wá iṣẹ́ olùkọ́ síbòmíràn.

Ìtàn ló kún inú yàrá wọn. Bàbá Ella, Simon, ti fi 1,800 dọ́là ra ara rẹ̀ padà kí ogun tó dé. Ó sì fẹ́ ra ìyàwó rẹ̀ Sarah, ṣùgbọ́n olówó obìnrin náà yí ohùn padà, kò tà á mọ́. Ọmọ nìkan ni Simon rí rà, 350 dọ́là ni ó san. Ella kọ ọ́ pé ìyàwó olówó ti tan òun, nígbà tí òun ṣì kéré, láti máa wá ròyìn ohun tí ìyá òun bá sọ. Nígbà tí Sarah gbọ́ pé wọ́n ti sọ ọmọ òun di alámì lára òun, ó gbé e, ó kọrí sí odò Cumberland kí ó lè kó sínú omi tọmọtọmọ. Ìyá àgbàlagbà kan ló dá a padà lójú ọ̀nà, tó ní Ọlọ́run ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọmọ náà ṣe. Benjamin Holmes ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ ní Charleston. Lára pátákó tí wọ́n kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù ló ti jí ìwé kọ́. Lọ́jọ́ tí ìkéde òmìnira Ààrẹ Lincoln bọ́ sí i lọ́wọ́, àtìmọ́lé àwọn oníṣòwò ẹrú ló wà, ó sì kà á sókè fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Thomas Rutling kò mọ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n ta ìyá rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó rántí láyé.

Àwọn ọmọ yìí ní orin. Orin tí àwọn òbí wọn ń kọ lóko òwú ni, èyí tí wọ́n fi ń gbàdúrà, tí wọ́n fi ń pàdé lóru nígbà tí olówó kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọn kì í kọ ọ́ níta. Àwọn kan ń tijú rẹ̀ nítorí oko ẹrú ló ń rán wọn létí, èyí tí wọ́n fẹ́ gbàgbé. Fún àwọn míràn, ohun mímọ́ ni, kò yẹ kí àjèjì fetí kàn án. Nítorí náà wọ́n á kóra jọ nínú ilé, wọ́n á fa aṣọ fèrèsé dí, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á sì rọra máa kọ ọ́ fún White àti Spence. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n rántí wọn, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la, Ella sì ń kọ ohùn wọn sílẹ̀.

White kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, láti New York. Ó tètè fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ja ogun abẹ́lé náà, ó wà lójú ìjà Gettysburg. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní etí. Ó kọ́ wọn láti máa kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí ohùn wọn á fi di ọ̀kan, tí a kò sì ní mọ ẹni tó ń kọ èwo. Wọ́n ń kọ orin ìjọ àti orin àwọn aláwọ̀ funfun fáwọn èrò ìlú, owó díẹ̀díẹ̀ sì ń wọlé. Ní ìrìn àjò kan bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú irin níbùdó kan nígbà tí àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun yí wọn ká. White ní kí wọ́n kọrin. Wọ́n kọ orin àdúrà wọn. Ọ̀kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ó fi ku olórí wọn nìkan. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kọ.

Ní 1871 Fisk ń kú lọ. Pákó ti jẹrà, gbèsè pọ̀, àwọn tó ń bójú tó o ń rò ó pé kí wọ́n tì í pa. White ní kí àwọn kó àwọn ọmọ náà lọ sí Àríwá kí wọ́n lọ fi orin wá owó. Ẹgbẹ́ AMA kò fọwọ́ sí i. Àwọn òbí ń sunkún. White kó ìwọ̀nba owó tó kù lápò ilé ìwé, ó kó tirẹ̀ mọ́ ọn, ó yá sí i, wọ́n sì wọkọ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá. Ọmọ mẹ́sàn-án: Ella Sheppard, Maggie Porter, Jennie Jackson, Minnie Tate tí kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ, Eliza Walker, Thomas Rutling, Benjamin Holmes, Isaac Dickerson àti Greene Evans, pẹ̀lú Phoebe Anderson tó bá wọn lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní aṣọ òtútù. White fúnra rẹ̀ kò ní ju ìborùn aláwọ̀ eérú kan tó ti gbó.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, iná ńlá jó Chicago. Àwọn ọmọ tí ebi ń pa yìí gbọ́, wọ́n sì fi gbogbo owó tí wọ́n rí lálẹ́ ọjọ́ orin kan ní Ohio ránṣẹ́ sí àwọn tí ilé wọn jó. Kò tó 50 dọ́là. Mi ò lè ka ibẹ̀ yẹn kí ọkàn mi má rọ̀. Ilé ìtura ń lé wọn, owó ọkọ̀ ń tán, àárẹ̀ ń mú wọn. Ní Columbus, White gbàdúrà mọ́jú, ó sì sọ wọ́n ní Jubilee Singers, láti ara ọdún Júbílì inú ìwé Léfítíkù, èyí tí ẹrú ń dòmìnira nínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n dé Oberlin, níbi tí àwọn pásítọ̀ láti gbogbo Amẹ́ríkà pé jọ sí. Àwọn pásítọ̀ ń jíròrò, olúkúlùkù ń dá sí ọ̀rọ̀. Ni ohùn kan bá rọra gbéra, wọ́n ń kọ “Steal Away”. Ariwo ilé náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, orin tí wọ́n ti ń fa aṣọ fèrèsé dí fún ló di ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Mo máa ń bi ara mi bóyá ó dùn mọ́ wọn pátápátá. Ohun tí bàbá àti ìyá wọn fi pamọ́ ni wọ́n ń ná lọ́jà, kí àwọn àbúrò wọn lè kàwé. Ìwé ìròyìn New York kan tilẹ̀ fi wọ́n wé àwọn tó ń kun ojú ní dúdú láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kọrin ní ìjọ Henry Ward Beecher ní Brooklyn, wọ́n kọ fún Ààrẹ Grant ní 1872. Nígbà tí wọ́n padà délé, 20,000 dọ́là ni wọ́n mú bọ̀. Òun ni wọ́n fi ra ilẹ̀ Fort Gillem, odi àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀. Ní 1873 wọ́n sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria, Edmund Havell sì ya àwòrán wọn tó tóbi bí èèyàn gan-an. Nǹkan bí 50,000 dọ́là ni wọ́n mú bọ̀ níbẹ̀. Ìyàwó White, Laura, kò bá wọn padà. Ibà táífọ́ọ̀dù pa á ní Scotland. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Benjamin Holmes náà láìpẹ́ sígbà yẹn.

Wọ́n ya Jubilee Hall sí mímọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1876, ilé alájà mẹ́fà tí wọ́n fi owó orin kọ́ sórí òkè tí odi wà tẹ́lẹ̀. Àwọn akọrin kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti padà sí òkè òkun láti 1875, wọ́n tún ń kọrin wá owó.

Ọdún 1875 yẹn náà ni Fisk fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní oyè yunifásítì: James Burrus, John Burrus, Virginia Walker àti America Robinson, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin. James padà wá kọ́ni ní ìṣirò ní Fisk. Ella Sheppard kò gba oyè. Ọdún tí ì bá fi kà á ló fi kọrin.

Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọrí sí ilẹ̀ Áfíríkà. Albert Miller àti Andrew Jackson pẹ̀lú ìyàwó wọn lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì láàárín àwọn ará Mende ní Sàró, ilẹ̀ kan náà tí ọkọ̀ ti gbé Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822. Ilé tí Fisk kọ́ tẹ̀ lé Jubilee Hall, wọ́n fi orúkọ David Livingstone pè é.

Ní 1885 ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún míràn dé, láti Great Barrington ní Massachusetts: W.E.B. Du Bois. Kò mú àpótí páì wá. Àwọn ìjọ ló dáwó jọ fún un. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ló ti dàgbà, kò sì tíì rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n múra dáadáa, tí ojú wọn ń dán. Spence kọ́ ọ ní Gíríìkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì ó lọ kọ́ni ní abúlé kan nínú igbó Tennessee, gẹ́gẹ́ bíi Maggie ṣáájú rẹ̀, ó sì di olóòtú ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, Fisk Herald. Nígbà tó gboyè ní 1888, márùn-ún péré ni kíláàsì wọn. Nígbà tó kọ The Souls of Black Folk ní 1903, odindi orí kan ló fi sọ̀rọ̀ nípa orin àwọn ẹrú.

Ella ti wá ìyá rẹ̀ rí lẹ́yìn ogun, ó kọ́lé sí Nashville, ó sì mú un wá síbẹ̀. Nashville náà ló kú sí ní 1914. Maggie Porter gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọdún 1942 ló tó lọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọ Fisk máa ń rántí ọjọ́ tí àwọn mẹ́sàn-án wọkọ̀ láìní aṣọ òtútù. Wọ́n á lọ sí ibojì àwọn akọrin àkọ́kọ́, títí kan ti Ella, wọ́n á dúró yí wọn ká ní gbangba, lábẹ́ òfurufú, wọ́n á sì kọ orin náà sókè.